Irínwó Ó Dín Méjì

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba káàkiri Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò wá sí òpin títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún náà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fi wà ní títì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ilé òbí wọn. Àwọn kan lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ òwò, àwọn kan sì wá ọ̀nà lọ sí òkè òkun. Ọmọbìnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Ẹnu Ọ̀wá, tó kó ẹrù rẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àṣírí kan tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún kejì ló wà nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Ó ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà ìṣirò fún físíìsì. Máàkì 27 nínú 100 ni wọ́n kọ sí iwájú nọ́ńbà rẹ̀ lára pátákó ìsọfúnni.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ yìí kò mọ ibi tí òun yóò wò. Iṣẹ́ tó gbé e ṣubú kì í ṣe èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè pa tì kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó ń bọ̀ ní ọdún kẹta, ìmọ̀ nípa iná mànàmáná àti òòfà, ìmọ̀ nípa ìgbì, ìmọ̀ nípa bí àwọn nǹkan tíntìntín inú átọ́ọ̀mù ṣe ń hùwà, orí rẹ̀ ni wọ́n dúró lé. Bó bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kejì, yóò yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà tàbí kó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Màmá rẹ̀, tí wọ́n ń ta àǹkárá àti léèsì ní ọjà Balógun, kò mọ èyí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọmọ àwọn wà nílé, àti pé ènìyàn kò tó ní ìsọ̀.

Kí ni ọ̀nà ìṣirò fún físíìsì? Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọkọ́, àgbẹ̀ ló ń fi í roko. Onímọ̀ ìṣirò ni alágbẹ̀dẹ. Ó fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ láìkù síbì kan. Onímọ̀ físíìsì ni àgbẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí irin náà ṣe mú tó, àti oko tí òun lè fi ro. Ẹ̀kọ́ yìí ni ọjà tí wọ́n ti ń pín ọkọ́ fún àgbẹ̀. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ro nọ́ńbà aláìlópin pọ̀, bí a ṣe ń lo fẹ́kítọ̀ àti mátíríìsì, bí a ṣe ń yanjú ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, àti bí a ṣe ń tú ìgbì tó díjú sí àwọn ìgbì kéékèèké tó para pọ̀ di í. Ìwé tí Mary Boas, olùkọ́ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1966, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Ìwé náà nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ni ọmọ yìí ní, tó rà lọ́wọ́ atàwé-àlòkù kan, tí ojú ewé mélòó kan sì ti já nínú rẹ̀.

Ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé ní igba, olùkọ́ kan ṣoṣo ló sì ń kọ́ gbogbo wọn. Olùkọ́ náà á wọlé, á kọ̀wé kún pátákó, á pa á rẹ́, á tún kọ ọ́ kún. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa na ọrùn. Kò sí àyè ìbéèrè, nítorí bí ènìyàn mẹ́wàá bá béèrè ọ̀rọ̀, àkókò ti lọ nìyẹn. Olùkọ́ náà kò kúkú ya ọ̀lẹ. Igba ìwé ìdánwò lé ń dúró dè é, kò sì ní igbákejì. Ṣùgbọ́n ohun tó dé etí ọmọ yìí kò ju lẹ́tà àti àmì lọ. Ó kọ́ wọn sórí bí ẹni ń kọ́ orin ìlú tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tí ìdánwò dé, tí wọ́n yí orin náà padà díẹ̀, ohùn rẹ̀ di.

Ìyá àgbà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ gbà yé e. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà ní Ebúté Ẹ̀rọ nígbà tí ara wọn ṣì le, wọn kò sì jókòó ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n jókòó ní ìsọ̀ màmá rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ń ka iye aṣọ tó kù nílẹ̀. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ka á tán, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ iye rẹ̀. Ìyá àgbà ní kó sọ ọ́ ní èdè tí àwọn gbọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ọ̀ọ́dúnrún ó lé…” ló bẹ̀rẹ̀, ó sì há síbẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. “Irínwó ó dín méjì ni. Kí lò ń wá lọ sí ọ̀ọ́dúnrún nígbà tí irínwó wà nítòsí?”

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé bí a ṣe ń ka nǹkan nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ronú sí i kò pọ̀. Márùndínláàádọ́ta ni 45. Àádọ́ta ló wà níbẹ̀ tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Kàkà kí a máa gun àkàbà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi ńlá tí a mọ̀ dáadáa tó súnmọ́ wa ni a ń lọ, kí a tó yọ àṣejù kúrò. Ó ya Adolphus Mann lẹ́nu. Míṣọ́nnárì ni, ó gbé ilẹ̀ Yorùbá fún ọdún púpọ̀, ó sì kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà wa tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1887.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ yìí ṣí ìwé rẹ̀ sí orí kìíní, èyí tó dá lórí àròpọ̀ aláìlópin. Ìbéèrè tó ti lé e kúrò níbẹ̀ nígbà mélòó kan rí ni bí a ṣe lè rí gbòǹgbò nọ́ńbà kan láìlo ẹ̀rọ ìṣirò, ìyẹn nọ́ńbà tí a bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ tí yóò fún wa ní iye tí à ń wá. Ó kọ 398 sílẹ̀. Irínwó ó dín méjì. Gbòǹgbò irínwó kò ṣòro: ogún lọ́nà ogún ni. Nítorí náà, gbòǹgbò 398 ní láti jẹ́ ogún ó dín díẹ̀. Èló ni díẹ̀ náà? Òfin inú ìwé ní kí a mú méjì tó dín, kí a fi ìlọ́po méjì ogún pín in. Méjì tí a fi ogójì pín jẹ́ 0.05. Ogún dín 0.05 jẹ́ 19.95. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ láti wò ó bóyá òótọ́ ni. Fóònù náà dáhùn 19.94994. Ó wá rí i pé ìlà tó kàn nínú ìwé, èyí tó ti kọ́ sórí láìmọ ohun tó wà fún, kò ju pé ká tún yọ díẹ̀ tó kéré sí ti àkọ́kọ́ kúrò. Ó yọ ọ́. Ó di 19.94994.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré, nítorí ìdajì iṣẹ́ físíìsì ló wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba ìṣòro ló wà láyé tí a lè yanjú tán pátápátá. Bí ayé ṣe ń yí oòrùn po, a lè ṣírò rẹ̀ tán bó bá jẹ́ àwọn méjèèjì nìkan ló wà. Ṣùgbọ́n òṣùpá wà, ìràwọ̀ Júpítà wà, gbogbo wọn ló sì ń fà. Ohun tí onímọ̀ ń ṣe ni pé á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti mọ ìdáhùn, á wá máa fi kún un tàbí kó máa yọ kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irínwó kọ́kọ́, kí méjì tó tẹ̀lé e. Ọmọ yìí ti mọ ọgbọ́n náà láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òun ló wà nínú ìwé.

Bàbá onílù kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wọn. Ọmọ Àyàn ni, ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti Ọ̀yọ́ wá sí Èkó, òde ìnáwó ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ní ọjọ́ tí kò bá sí òde, wọn á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn á máa tún awọ ṣe. Ọmọ náà kí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì béèrè bóyá ohùn gángan máa ń ga ní ìlọ́po méjì bí ènìyàn bá fi agbára ìlọ́po méjì fún ọṣán rẹ̀. Bàbá náà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n gbé ìlù sí abíyá.

“Fífà àkọ́kọ́ kì í le,” ni wọ́n wí. “Ohùn á gòkè kíá. Ṣùgbọ́n bó bá ti ga, wà á fà á títí apá á fi máa ro ọ́, díẹ̀ ló sì máa fi gòkè sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa fa awọ ya ni.”

Ohun tí ìwé sọ gan-an nìyẹn. Bí ohùn awọ yóò bá gbọ̀n ní ìlọ́po méjì, fífà rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí yóò bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Apá onílù ti mọ òfin yìí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fi lẹ́tà kọ ọ́ sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn baba wa fi sọ pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń fẹ́ ya.

Bàtá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà ló tún ṣí ojú ewé mìíràn. Lára ojú òjò, ìyẹn ojú tó tóbi jù lára ìyáàlù bàtá, àwọn onílù máa ń lẹ ìda dúdú mọ́ awọ. Ọmọ náà ti rí i láìmọye ìgbà láìbéèrè ìdí rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ìdọ́gba kan wà fún okùn tí a nà, òmíràn sì wà fún awọ tí a nà sórí ohun róbótó. Okùn kò ní wàhálà: bí ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, àwọn tó tẹ̀lé e jẹ́ 2, 3 àti 4, wọ́n sì bá ara wọn mu. Awọ róbótó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 1.59, òmíràn 2.14, òmíràn 2.30. Inú àwọn iṣẹ́ ìṣirò tí wọ́n sọ ní orúkọ Friedrich Bessel, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Jámánì tó kú ní ọdún 1846, ni àwọn nọ́ńbà rúdurùdu wọ̀nyí ti jáde wá. Nínú ìdánwò tó gbé ọmọ náà ṣubú, lẹ́tà J kan wà tí òdo kékeré wà lábẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìlù ni.

Ní ọdún 1920, onímọ̀ físíìsì ọmọ Íńdíà kan, C. V. Raman, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí à ń pè ní Nature lórí àwọn ìlù ilẹ̀ tiwọn. Àwọn onílù Íńdíà náà máa ń lẹ nǹkan dúdú mọ́ àárín awọ. Raman fi hàn pé ìwọ̀n ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yìí ló ń tún àwọn ohùn rúdurùdu náà tò, títí wọn yóò fi bá ara wọn mu bíi ti okùn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ mìíràn nípa ìmọ́lẹ̀. Ohun tí ìda ń ṣe sí ohùn ojú òjò, òfin kan náà ló ń ṣàkóso rẹ̀: ìwúwo tí a fi kún awọ yóò fa ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í fa gbogbo ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀ bákan náà. Nígbà tí ọmọ náà sọ fún bàbá onílù pé ará Íńdíà kan kọ̀wé nípa ohun tó jọ ìda, wọ́n béèrè bóyá ẹni náà mọ ìlù ú lù.

Ọ̀rọ̀ Fourier kò tún ṣòro mọ́ lẹ́yìn èyí. Joseph Fourier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1822 lórí bí ooru ṣe ń rìn. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé ohunkóhun tó bá ń lọ tó ń bọ̀, bó ti wù kó díjú tó, a lè tú u sí àwọn ìgbì tó rọrùn. Ẹni tó bá dúró ní òde tí wọ́n ti ń lu dùndún ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Ìró kan ṣoṣo ló ń wọ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ya ìyáàlù sọ́tọ̀, kó ya gúdúgúdú sọ́tọ̀, kó sì sọ èyí tó ń dún jù. Àmì gígùn tó dà bí ejò tó nà ró nínú ìwé, tó ń ba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù, ìbéèrè kan náà ló ń bi ìgbì: èló ni ti gúdúgúdú nínú ariwo yìí?

Omi tó yí Èkó ká náà ní ìlù tirẹ̀. Ní Marina, òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Òṣùpá ń fà á ní nǹkan bíi wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú 25 sí ara wọn. Oòrùn ń fà á ní wákàtí méjìlá géérégé. Nígbà tí ìlù méjèèjì bá bọ́ sí ìgbà kan náà, ní òṣùpá tuntun àti ní òṣùpá àrànmọ́jú, omi á kún jù. Ní àwọn ọdún 1870, William Thomson tí wọ́n padà fi jẹ Lord Kelvin ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ro irú àwọn ìgbì bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti sọ àkókò tí omi yóò kún ní èbúté. Ọ̀nà yẹn náà ló wà lẹ́yìn ìwé àkókò omi tí àwọn atukọ̀ ń lò títí di òní. Apẹja kò nílò rẹ̀ kó tó mọ̀ pé omi ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mú ọkọ̀ òkun ńlá wọlé sí Àpápá nílò láti mọ ìṣẹ́jú rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ apẹja ti nílò ìṣirò.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ìwé náà ló rí báyìí. Mátíríìsì kò ní ìyá àgbà kankan. Kò sí ìlù tó kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń yí i sódì. Ó kàn ń ṣe é ni, ìbéèrè mẹ́wàá mẹ́wàá ní alẹ́, lábẹ́ iná fóònù nígbà tí iná ìjọba bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń pariwo. Nígbà mìíràn àfiwé tirẹ̀ pàápàá ṣì í lọ́nà. Ó fẹ́ ka nọ́ńbà tí a bá sọ di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ tí yóò di -1 sí gbèsè, torí ó mọ̀ pé gbèsè ni nọ́ńbà òdì nínú ìwé ìsọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bá a jà. Gbèsè lọ́nà gbèsè kì í di gbèsè. Ìdúmọ̀tà ló ti yanjú rẹ̀. Ó dúró, ó kọjú sí ọ̀nà Afárá Carter. Ó yí sí òsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí sí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti kẹ̀yìn sí afárá. Yíyí ni nọ́ńbà náà. Bí ènìyàn bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó kọjú sí yóò di ìdàkejì. Ọlọ́kadà kan bú u pé kó kúrò lójú ọ̀nà.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó yìí náà ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliyu Babatunde Fáfúnwá sí ní ọdún 1923. Nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, àwọn ló ṣáájú ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ọmọbìnrin tí à ń sọ yìí lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan níbi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá. Ibẹ̀ ló ti kọ́ láti pín orí rẹ̀ sí méjì: apá kan fún ilé, apá kan fún ìwé. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ó ń jìyà láti so wọ́n pọ̀.

Àwọn kan yóò ní ìṣirò tó ga kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chike Obi, ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, gba oyè náà ní Cambridge ní ọdún 1950. Àwọn ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Yunifásítì Èkó lẹ́yìn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà yunifásítì ní ilẹ̀ yìí, kọ́ni nípa ẹ̀kọ́ ìṣirò ní yunifásítì kan náà fún ogún ọdún. Ọ̀nà ti là láti ọjọ́ pípẹ́. Iye ọmọ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣubú ló pọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, màmá ọmọ náà rí ìwé èsì ìdánwò nínú àpò rẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n dúró di alẹ́.

“Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,” ni wọ́n wí. “Nínú ọgọ́rùn-ún.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màámi. Ẹ má bínú.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀. Ó ní owó ilé ìwé yẹn ìbá ti ra ẹrù. Kí ni mo fẹ́ wí fún un?”

Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí físíìsì lè fún un. Ó mú ìwé àjákọ rẹ̀ jáde, ìwé márùn-ún tó ti kọ kún láti oṣù kẹrin, ó sì tò wọ́n síwájú màmá rẹ̀. Màmá kò lè ka ohun tó wà nínú wọn. Wọ́n kàn ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń yẹ aṣọ wò bóyá ó ní àbàwọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ní: “Ìdánwò kan ṣoṣo. Bí kò bá bọ́ sí i, o ti dé ìsọ̀ nìyẹn, a ò sì ní jà.”

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní oṣù kẹwàá. Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń sáré lépa àkókò tó ti sọnù. Nínú àwọn méje tó jọ fìdí rẹmi tó sì mọ̀ dáadáa, mẹ́ta kò padà wá. Ọ̀kan ti lọ sí òkè òkun, ọ̀kan ń ta fóònù ní Kọ̀ǹpútà Fílléèjì ní Ìkẹjà, a kò gbúròó ẹnì kẹta. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn mẹ́ta yìí kò ní ọpọlọ. Wọn kò kàn ní bàbá onílù nísàlẹ̀ ilé ni, tàbí kí wọ́n ní i kí wọ́n má béèrè.

Kò yẹ kó jẹ́ pé ìyanṣẹ́lódì ni ọmọ fi ń rí àyè kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́jọ náà kò wọ́n: àkókò láti béèrè, àkókò láti ṣe é títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n, àti ààyè láti fi èdè tó ń rò ó sọ ọ́. Yunifásítì lè pín igba akẹ́kọ̀ọ́ sí ogún ogún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn tó ń ṣe oyè kejì máa bá wọn yanjú ìbéèrè. Olùkọ́ lè gbé gángan wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ tó bá fẹ́ kọ́ni nípa ìgbọ̀n. Èyí kò ní kí a má fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò. Kí ìmọ̀ tó wọ inú ìwé ló yẹ kó ti kọ́kọ́ wọ inú ènìyàn.

Èsì ìdánwò náà jáde lẹ́yìn ọdún tuntun. Ọmọ náà ka á lórí fóònù rẹ̀ ní ìsọ̀, láàárín àwọn oníbàárà, ó sì gbé e fún màmá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìyá àgbà béèrè iye tó gbà.

“Méjìdínlọ́gọ́ta ni, mà.”

“Ọgọ́ta nìyẹn,” ni Ìyá àgbà wí. “Lọ máa wá méjì tó kù.”